Ọ̀dà Yàrá Ìyá Bùsọ́lá

Láàárọ̀ Sátidé tó kọjá, òórùn ọ̀dà tútù gba ojú fèrèsé wọlé bá mi ní Ìsọlọ̀. Tọkọtaya ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ háyà yàrá ẹ̀gbẹ́ mi ló ń kun ògiri wọn. Kí n tó mọ̀, ọkàn mi ti padà sí Mafolúkù, sí ilé tí a háyà yàrá kan sí nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án.

Yàrá mẹ́wàá ló wà nínú ilé náà, márùn-ún kọjú sí márùn-ún, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró kan sì wà láàárín. Yàrá tó kọjú sí tiwa ni Bùsọ́lá ọ̀rẹ́ mi ń gbé pẹ̀lú ìyá rẹ̀, aránṣọ kan tó wá láti Ìjẹ̀bú. Èéfín sítóòfù ti sọ ògiri gbogbo wa di dúdú, a ò sì kà á sí àbùkù, torí pé bákan náà ni gbogbo wa rí.

Àfi ìgbà tí ara Ìyá Bùsọ́lá ò gbà á mọ́. Wọ́n fi ọṣẹ àti kànrìnkàn fọ ògiri, wọ́n fi sìmẹ́ǹtì díẹ̀ dí ibi tó sán, wọ́n wá kùn ún ní ọ̀dà aláwọ̀ ewé. Wọ́n kan pákó àlòkù mẹ́rin mọ́ra, ó di pẹpẹ ìkówèésí. Wọ́n rán àjákù aṣọ pọ̀ di kọ́tìnì tó pín yàrá sí méjì, ni Bùsọ́lá bá di ẹni tó ní yàrá tirẹ̀. Yàrá ọ̀hún ò ju ìbú ẹní kan lọ, síbẹ̀ Bùsọ́lá máa ń ní ká kan ilẹ̀kùn ká tó wọlé, bẹ́ẹ̀ kọ́tìnì ò ṣe é kàn.

Mo jowú rẹ̀ gan-an. Mo bẹ ìyá mi pé ká kun tiwa. Wọ́n ní, "Ilé onílé? Tá a bá kó jáde lọ́la ńkọ́, ṣé a máa ká ògiri dání ni?" Àmọ́ mo rí bí àwọn náà ṣe ń yọ́jú wo yàrá òdìkejì.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí kò sẹ́ni nínú yàrá wọn, mo ki ọwọ́ bọ epo pupa, mo wọlé, mo sì tẹ àtẹ́lẹwọ́ mi mọ́ ògiri tuntun náà. Bùsọ́lá ni ìyá rẹ̀ nà sí i. Mo dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mò ń gbọ́ bó ṣe ń ké pé, "Èmi kọ́, Màámi, èmi kọ́!" N kò sì lanu. Nígbà tí mo wọlé bíi pé mo fẹ́ rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, ó ń gbé ọwọ́ rẹ̀ lé àmì epo náà. Ìka kékeré mi wọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi. Tirẹ̀ nà tààrà. Ó wo ìka tó wọ́ lára ògiri, ó wá wo tèmi.

Ó tó ọ̀sẹ̀ kan kí Ìyá Bùsọ́lá tó kanlẹ̀kùn wa, garawa ọ̀dà lọ́wọ́. "Ìyá Ṣẹ̀yẹ," orúkọ ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n fi ń pe ìyá mi, "ó ṣẹ́ kù o. Ẹ jẹ́ ká fi kun tiyín."

Ìyá mi yáa gba búrọ́ọ̀ṣì. Èmi àti Bùsọ́lá la kun ìsàlẹ̀ ògiri, èjìká wa ń kan ara wọn. "Fọ ọwọ́ ẹ dáadáa kó o tó fi kàn án," ló sọ fún mi jẹ́jẹ́. Ìyẹn nìkan ló sọ rí lórí ọ̀rọ̀ náà. Kí ọdún tó parí, òun àti ìyá rẹ̀ kó padà sí Ìjẹ̀bú. N kò bẹ̀ ẹ́ kí wọ́n tó lọ, n kò sì rí i mọ́ títí dòní.

Wọ́n ti wó ilé yẹn, pẹ́tẹ́ẹ̀sì ló wà níbẹ̀. Orí fóònù ni àwọn ọmọ ìsinsìnyí ti ń ra bébà aláràbarà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri, wọn ò sì nílò ará ilé tó máa bá wọn di àkàbà mú. Owú nìkan ni kò yí padà. Mo ti dàgbà tó báyìí, síbẹ̀ tí mo bá wọ yàrá tó dára ju tèmi lọ, nǹkan kan ṣì máa ń ta mí láyà. Kó tó di ìbínú, mo ti máa ń tètè bi ẹni tó ni ín pé, "Ó mà dára o. Báwo lẹ ṣe ṣe é?" N kò tíì rí ẹni tí mo bi tí kò fi tayọ̀tayọ̀ ṣàlàyé fún mi. Bùsọ́lá náà ì bá ti fi hàn mí, ká ní mo béèrè ni.