Alùpùpù Tó Ń Dúró Kírun Lójú Ọ̀nà Damastown

Nígbà tí mo wà ní kékeré, iṣẹ́ mi nínú oṣù ààwẹ̀ ni láti lu agolo mílíìkì. Bí oòrùn bá ti ń wọ̀, tí ìyá mi ti po ògì ìṣínu, yóò ké sí mi pé kí n mú ìṣó àti òkúta wá. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo lù ú, ihò kan ṣoṣo ni mo lu. Mo dojú agolo kodò, mo gbọ̀n ọ́n títí, ẹ̀kán díẹ̀ ló jáde. Ìyá mi rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Lu òmíràn sí òdì kejì. Ọ̀kan fún mílíìkì, ọ̀kan fún afẹ́fẹ́. Bí afẹ́fẹ́ ò bá rọ́nà wọlé, mílíìkì ò ní rọ́nà jáde."

Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ agolo yẹn dúró ná, ẹ̀yin ọmọ mi. A ó padà síbẹ̀.

Bàbá mi ní alùpùpù kan tó fi ń gbé mi lọ sí ilé-kéú. Bí ìgbà òjò bá dé, yóò gé ọ̀rá pélébé kan, yóò fi bo ẹnu táńkì kó tó dé ìdérí lé e. "Omi ni ọ̀tá bẹntiróò," ló máa ń wí. Èmi tí mo jókòó sẹ́yìn rẹ̀ ka ìyẹn sí ọgbọ́n àwọn àgbà, mo sì fi í pamọ́ sọ́kàn pẹ̀lú àwọn súrà tí mo há sórí.

Ọlọ́run mú mi dàgbà, ó sì mú mi dé Dublin. Ẹ̀yin tí ẹ ń rí ìlú yìí lónìí, ẹ ò mọ bó ti rí nígbà náà. Iṣẹ́ pọ̀ bí òjò. Ibi tí ẹ bá yíjú sí, wọ́n ń kọ́lé. Finglas ni èmi àti ìyàwó mi ń gbé, iṣẹ́ tí mo rí sì wà ní Damastown, níbi tí àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá tò sí. Aago mẹ́fà àárọ̀ la ń wọlé, kò sì sí bọ́ọ̀sì tó lè gbé mi débẹ̀ kílẹ̀ tó mọ́. Mo bá ra alùpùpù àlòkù kan. Ó ti dàgbà, ṣùgbọ́n ó lágbára. Nítorí pé òjò ìlú yìí kì í mọ ìgbà tó yẹ kó dá, ọjọ́ tí mo gbé e délé gan-an ni mo ti gé ọ̀rá tí mo fi bo ẹnu táńkì rẹ̀, bí bàbá mi ti ń ṣe. Inú mi dùn sí ara mi.

Ibẹ̀ ni ìyọnu ti bẹ̀rẹ̀. Bí mo bá fi ẹsẹ̀ ta á láàárọ̀, yóò dáhùn. Yóò sáré dáadáa títí a ó fi jáde ní Finglas, lẹ́yìn náà yóò máa wúkọ́, yóò sì kú. Màá sọ̀ kalẹ̀, màá ṣí táńkì wò bóyá epo ti tán. Epo ń bẹ. Màá dé e padà, màá tún ta á, yóò tún jí, a ó tún rìn díẹ̀, yóò tún kú. Mo rò pé ara rẹ̀ ló ń gbóná, tó ń fẹ́ ìsinmi. Ọ̀rẹ́ mi kan ní mọ́sáláṣí, tó ń fi mọ́tò tirẹ̀ kọjá lára mi lójú ọ̀nà, kò jẹ́ kí n gbádùn. Ó ní lójú gbogbo jàmáà, "Ẹ kú oríire o! Máṣíìnì yín ti gba Ìsìláámù. Gbogbo ibi tó bá dé ló ń dúró kírun!" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọkàn mi ò balẹ̀.

Ìdí ni pé ọ̀gá wa níbi iṣẹ́, obìnrin kan tí kì í pariwo, ti pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lọ́jọ́ Jímọ̀. Ó ní iṣẹ́ ọwọ́ mi dára, ṣùgbọ́n bí mo bá tún pẹ́ ní ọjọ́ Mọ́ńdè, kí n má wulẹ̀ wọlé. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tí a fi ń jẹun nìyẹn, oyún àkọ́kọ́ sì wà nínú ìyàwó mi.

Oṣù ààwẹ̀ bọ́ sí ìgbà òtútù lọ́dún yẹn. Lọ́sàn-án Sọ́ńdè, aládùúgbò mi kan, bàbá àgbàlagbà ọmọ Ireland tó ti gun alùpùpù nígbà èwe rẹ̀, gbé àpótí sípánà rẹ̀ wá síwájú ilé wa. "Yoke" ló ń pe alùpùpù náà, bí àwọn ará Dublin ti ń pe ohunkóhun tí orúkọ rẹ̀ ò bá yá wọn lẹ́nu. A yọ púlọ́ọ̀gì, a fi búrọ́ọ̀ṣì onírin fọ̀ ọ́, iná rẹ̀ ń ta pàrà. A tú kabúrétọ̀, a fẹ́ àwọn ihò tín-ín-tín inú rẹ̀. Ó wá na páìpù epo sí mi.

"Fi ẹnu fà á," ló wí.

"Mo ń gbààwẹ̀."

"Àní bẹntiróò pàápàá?"

"Àní omi pàápàá."

Ó wò mí, ó mi orí, ó sì fà á fúnra rẹ̀. Ó wúkọ́ títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Grand," ló wí, ìyẹn ni pé ó dára. Epo ń ṣàn gaara lóòótọ́. Kò sẹ́ni tó rántí nínú wa pé ìdérí táńkì wà nílẹ̀ nígbà yẹn.

A to gbogbo rẹ̀ padà, a dé ìdérí, mo gùn ún lọ. Mi ò tíì jìnnà sí àdúgbò wa tó fi kú. Mo tì í padà wálé, oòrùn ti ń wọ̀, bàbá náà ń nu ọwọ́.

Ìyàwó mi pè mí wọlé pé àsìkò ìṣínu ti tó. Ó gbé agolo mílíìkì àti ìṣó fún mi. Mo ju dàbínù sẹ́nu, mo lu agolo, mo dojú rẹ̀ kodò sórí ògì. Kò dà.

"Ẹ jọ̀ọ́, ihò kan ṣoṣo?" ni ìyàwó mi wí. "Báwo ni mílíìkì ṣe fẹ́ jáde?"

Ẹ̀yin ọmọ mi, kóró dàbínù ṣì wà lẹ́nu mi nígbà tí mo fò síta. Mo yí ìdérí táńkì. Kó tó ṣí tán, mo gbọ́ ọ: fììììì, bí ẹni tí wọ́n dí nímú tí wọ́n wá tú u sílẹ̀. Ihò kékeré kan wà lára ìdérí náà fún afẹ́fẹ́, ọ̀rá mi ló dí i! Mo fa ọ̀rá náà dànù. Mo ta á lẹ́ẹ̀kan. Mo gùn ún yí Finglas ká, mo tún yí i ká, kò wúkọ́. Nígbà tí mo padà dé, ìyàwó mi dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú agolo lọ́wọ́, ó ń ké "Alihamudu lilaahi!" Bàbá àgbàlagbà náà sì ṣí fìlà rẹ̀, ó jù ú sókè.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo dé Damastown kí wọ́n tó ṣí géètì. Ọ̀gá wa bá mi níbẹ̀, ó wo aago, ó wò mí. "Grand," lòun náà wí. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Mo pe bàbá mi nílé láti ròyìn fún un. Ó ní, "Ṣé o lu ọ̀rá náà?"

"Kí n lu kí ni, Bàbá?"

"Ẹ̀yìn mi lo jókòó sí, o wá rò pé o rí iwájú! Abẹ́rẹ́ tí mo fi ń rán fìlà ni mo fi ń lu ú níhò kí n tó dé e. Ta lo rò pé ó kọ́ mi? Ìyá rẹ ni, ọjọ́ tí òun náà bá mi lójú títì tí mo ń ti alùpùpù."

Ayé ti yí padà. Alùpùpù tí ẹ̀ ń gùn ní Dublin báyìí, iná ló ń mu, kò mọ bẹntiróò. Mílíìkì ti di ti inú páálí, ẹ kàn ń yí ìdérí rẹ̀ ni. Mo dúpẹ́ fún ìrọ̀rùn yín. Ṣùgbọ́n bí oṣù ààwẹ̀ bá dé, mo ṣì ń wá agolo kan rà, mo sì ń pe ọ̀kan nínú yín kó mú ìṣó wá. Ẹ máa ń fi èdè Òyìnbó bi mí pé kí ló dé tó fi jẹ́ ihò méjì. Ó dára, mo ti sọ ọ́ fún yín báyìí. Ẹni tó bá kàn lónìí, kó bẹ̀rẹ̀ láti orí ti afẹ́fẹ́.