Fèrè Tírélà Lórí Kẹ̀kẹ́ Bàbá Oyèdàmọ́lá

Àwọn tó ń rin ọ̀nà Ìwó sí Kuta kò jẹ́ gbàgbé ọjọ́ tí tírélà kan yà wọ oko ẹ̀gẹ́ nítorí olóògbé Nehemiah Oyèdàmọ́lá. Awakọ̀ náà ń sọ̀ kalẹ̀ jẹ́jẹ́ níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan nígbà tó gbọ́ fèrè lẹ́yìn rẹ̀, tó ń bú bíi màlúù tó ń rọbí. Ó rò pé tírélà mìíràn tí bíréèkì rẹ̀ ti já ló ń bọ̀. Ó wo dígí, kò rí ọkọ̀ kankan, ẹ̀rù wá bà á ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọmọ ọkọ̀ ti bẹ́ sílẹ̀ kí òun náà tó darí ọkọ̀ sínú oko. Bí eruku ṣe rọlẹ̀ ni arúgbó kan gun kẹ̀kẹ́ ológeere kọjá. Ó ṣí fìlà sí wọn, ó ní, "Ẹ kú ojú ọ̀nà o. Ì bá dára ká ní gbogbo awakọ̀ ló ń fún èèyàn lọ́nà báyìí."

Bàbá kì í ṣe oníwàhálà. Káfíńtà ni nígbà tó lágbára, díákónì sì ni ní ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi. Nígbà tó dàgbà, oko ẹ̀gẹ́ rẹ̀ lójú ọ̀nà Kuta ló kù tó ń lọ. Mùrí ọlọ́kadà ló fa gbogbo rẹ̀. Ó fi ọ̀kadà gbá Bàbá sínú gọ́tà lọ́sàn-án ọjọ́ kan, orúnkún Bàbá sì bó. Nígbà tí Mùrí padà wá gbé e, ó dọ̀bálẹ̀, ó ń bẹ̀ ẹ́.

"Ẹ má bínú, Bàbá. Mi ò gbọ́ agogo kẹ̀kẹ́ yín ni."

Bàbá nu ẹrẹ̀ kúrò lójú. Kò bú u. Ó kàn ní, "Ó dáa. Wàá máa gbọ́."

Ọ̀dọ̀ Badrudeen, tó ń tún wáyà ọkọ̀ ṣe, ló gbà lọ. Badrudeen ní fèrè ọ̀kadà ló bá kẹ̀kẹ́ mu.

"Ọ̀kadà ló gbá mi ṣubú," ni Bàbá wí. "Ṣé ohùn ẹni tó ṣe mí léṣe ni kí n wá máa fi sọ̀rọ̀?"

"Ti mọ́tò kékeré ńkọ́?"

"Kí ni mọ́tò kékeré ń bẹ̀rù?"

"Tírélà ni, Bàbá."

"Èyí tí mo fẹ́ nìyẹn."

Badrudeen so fèrè tírélà mọ́ iwájú kẹ̀kẹ́, ó sì de bátìrì ńlá mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ náà wá wúwo débi pé bí Bàbá bá dé ibi òkè, ńṣe ló ń sọ̀ kalẹ̀ tì í. Bí wọ́n bá bi í pé kí ló dé tí kò gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀, á ní, "Ẹ̀mí mi ni mò ń tì. Ẹ̀mí kì í fúyẹ́."

Síbẹ̀, Bàbá kì í fọn fèrè sí ẹni tó bá jù ú lọ. Ó ní a kì í jágbe mọ́ àgbà. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, Ìyá Ọ̀jẹ̀túndé, tó dàgbà jù ládùúgbò, ló wà níwájú rẹ̀ tó ń fi ọ̀pá rìn. Bàbá bọ́ sílẹ̀, ó ń tẹ̀lé e wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Nígbà tó fi dé ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ti ń ṣe oore-ọ̀fẹ́. Pásítọ̀ bi í pé ṣé kò lè yà á sílẹ̀ ni. "Mo lè yà á," ni Bàbá fèsì, "àmọ́ mo gbọ́dọ̀ kí i. Bí mo bá sì kí Ìyá, wọ́n á bèèrè gbogbo ará ilé mi lọ́kọ̀ọ̀kan. À bá má tíì dé títí di báyìí."

Ẹjọ́ fèrè náà wá pọ̀. Bàrákàt, aládùúgbò rẹ̀, ní ariwo rẹ̀ mú kí adìẹ òun kọ ẹyin rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn ọlọ́kadà ní èrò ń bẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn àwọn. Wọ́n kó ara wọn lọ bá olórí àdúgbò, wọ́n sì ránṣẹ́ pe Bàbá. Gbogbo èèyàn ti múra láti rẹ́rìn-ín.

"Bàbá Wùmí," ni olórí àdúgbò wí, "ẹ yọ fèrè yìí, ẹ jẹ́ kí ilé ó tòrò."

Bàbá dìde. "Ọjọ́ tí mo bọ́ sí gọ́tà, kí Mùrí tó padà wá gbé mi, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ló kọjá. Mò ń wò wọ́n láti ibi tí mo wà. Kò sẹ́ni tó rí mi. Bí èèyàn bá ti darúgbó, ojú àwọn èèyàn kì í sábàá bà lé e mọ́. Mo ní kí wọ́n kúkú máa gbọ́ mi."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Mùrí tẹjú mọ́ ilẹ̀. Olórí àdúgbò wá ní kí fèrè wà lórí kẹ̀kẹ́, àmọ́ ìta ìlú nìkan ni kó ti máa dún. Bí Bàbá bá ti ń bọ̀ láti oko, kó fọn ọ́n kẹ́yìn ní oríta, kó sì panu mọ́.

Bàbá pa àṣẹ náà mọ́ ní ti fèrè. Àmọ́ nígbà tó wọ ìlú lọ́jọ́ kejì, ó la ẹnu, ó sì kígbe, "Pòòòò!" Wọ́n ní kí ló dé. Ó ní fèrè ni wọ́n dá dúró, wọn ò dárúkọ ọ̀fun.

Láti ìgbà náà, ńṣe ni àwọn ọlọ́kadà máa ń rọra sáré bí wọ́n bá rí i, kí wọ́n lè gbọ́ bó ṣe máa pè é. Kò tún sẹ́ni tó gbá a mọ́ títí ó fi kú sójú oorun rẹ̀ lọ́dún tó kọjá.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Wùmí, ọmọ rẹ̀ obìnrin, dúró ti Àgbékẹ́, ìyá rẹ̀. Ìyá kì í yé ráhùn nípa fèrè náà nígbà tí ọkọ rẹ̀ wà láyé, Wùmí sì bá a ṣeré pé ilé ti wá tòrò bó ṣe ń fẹ́. Ìyá rẹ́rìn-ín. Ó wà ní ìdí ààrò, ìkòkò omi wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bí mo bá ti gbọ́ fèrè rẹ̀ ní oríta," ló wí, "mo máa ń gbé omi ìwẹ̀ rẹ̀ kaná. Bó bá fi máa dé, á ti lọ́ wọ́ọ́rọ́."

Ó wo ìta pẹ́, ó sì gbé ìkòkò náà sílẹ̀.

"Èmi nìkan ló kù tó ń wẹ̀ báyìí, Wùmí. Mi ò wá mọ ìgbà tó yẹ kí n dáná."