Ìka Màmá, Àtẹ́lẹwọ́ Ọ̀gá

Ìka ìlábẹ̀ Elétíofe dúró lórí máùsì, kò tíì tẹ̀ ẹ́. Ó gbé e sókè díẹ̀. Ó tún sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Èékánná tí wọ́n gé kúrú, ọ̀dà pupa tó ti ń bó. Nígbà tó tẹ̀ ẹ́ wàyí, ó fà á wálẹ̀ jẹ́jẹ́, onígun mẹ́rin kan sì yọ lójú kọ̀ǹpútà, ó yí àwọn ìlà kéékèèké kan ká. Wọ́n di aláwọ̀ ọsàn.

"Ṣé Ọ̀gá nìyẹn àbí èmi?" ni ìyá rẹ̀ bi í láti ẹ̀yìn.

"Màámi, ẹ jẹ́ kí n wò ó ná."

Elétíofe ni wọ́n ń pè é nílé. Iṣẹ́ etí ló ń ṣe: ó ń to orin fún ilé ẹ̀kọ́ ijó àwọn ọmọdé. Bẹ́ẹ̀ bí wọ́n bá pè é jẹun, kò ní gbọ́. Ìyá rẹ̀ ló ń tẹ dùùrù fún àwọn ọmọ náà láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ti dúdú. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún dá. Ọ̀la sì ni àwọn ọmọ máa jó níwájú àwọn òbí wọn. Orin màmá nìkan ni ẹsẹ̀ wọn mọ̀. Láìsí orin yẹn, kò sí ijó.

Ẹ̀dà kan ṣoṣo ló wà. Kó tó ṣubú, Elétíofe ti so dùùrù oníná mọ́ kọ̀ǹpútà lọ́jọ́ kan, màmá sì tẹ orin náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, pẹ̀lú Ọ̀gá lórí itan òsì. Ọ̀gá, ọmọ Elétíofe, tí kò tíì rìn, tó ti ń pàṣẹ. Bí ìyá àgbà ṣe ń tẹ̀, bẹ́ẹ̀ lòun náà ń gbá dùùrù, tó ń da orin náà rú.

Ọpẹ́lọpẹ́ Mídì, ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà fi ń kọ orin sílẹ̀. Kì í gba ohùn sílẹ̀. Bọ́tìnì tí èèyàn tẹ̀, bó ṣe le tó, bó ṣe pẹ́ tó: ìyẹn ló ń kọ sílẹ̀, ìlà kékeré kan fún ìtẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Èèyàn lè yọ ọ̀kan láìfọwọ́ kan èkejì. Ṣùgbọ́n wọ́n pọ̀ bí èèrà. Ta ló ni èwo?

Elétíofe ní kí kọ̀ǹpútà ṣa gbogbo ìtẹ̀ tó le. Ọmọdé ló ń gbá nǹkan gbàù, àbí? Àwọ̀ ọsàn gba ojú kọ̀ǹpútà kan. Ó pa wọ́n rẹ́. Ó jẹ́ kí orin náà dún.

Màmá gbọ́ ọ dé àárín, ó figbe ta.

"Ta ló jí orin mi gbé? Ibi tí àwọn ọmọ ti ń fò dà?"

"Ọ̀gá ni mo yọ, Màámi."

"Èmi lo yọ! Ibi tí wọ́n bá ti máa fò, mo máa ń gbá a ni. Àbí o rò pé ọmọ rẹ nìkan ló lágbára?"

Elétíofe rẹ́rìn-ín, ó dá gbogbo rẹ̀ padà. Ẹ̀rín náà kò dénú.

"Ọwọ́ wo lẹ fi ń gbá a?"

"Ọ̀tún. Ọwọ́ òsì mi kì í pariwo, ó níwà ju èmi alára lọ." Màmá wo itan òsì ara rẹ̀. "Àti pé apá òsì nìkan ni ọwọ́ ọmọ yìí tó."

Wọ́n wo ara wọn.

Kì í ṣe èyí tó le nìkan. Èyí tó le, tó sì wà nísàlẹ̀, lápá òsì dùùrù. Elétíofe kọ méjèèjì pọ̀, ó ní kí kọ̀ǹpútà tún wá a. Àwọ̀ ọsàn díẹ̀. Níbí. Lọ́hùn-ún. Ní ìṣù-ìṣù, bí àtẹ́lẹwọ́ ṣe ń balẹ̀.

"Ọwọ́ tẹ olè!" ni màmá wí. Ọ̀gá, tó ń jẹ ṣíbí onírọ́bà nílẹ̀, pàtẹ́wọ́ fún ara rẹ̀. Elétíofe pa àwọn ìlà náà rẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, màmá jókòó sí iwájú láàárín àwọn òbí. Orin bẹ̀rẹ̀, ó mọ́ gaara. Àwọn ọmọ fò. Màmá fi ọwọ́ òsì bo ẹnu. Ògiri ni dùùrù kọjú sí nílé ẹ̀kọ́ náà. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, ẹ̀yìn ló ń kọ sí wọn. Kò rí ijó wọn rí.

"Ṣé bí wọ́n ṣe ń fò ga tó nìyí? O ò sì sọ fún mi!"

"Ẹ ò bi mí, Màámi."

Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ jinná, ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n yí dùùrù náà kọjú sí àwọn ọmọ.