Jakúsì Ọkọ Mi àti Omi Gbígbóná Màmá Oǹdó

Ọdún tí ọkọ mi ta mọ́tò wa kó lè ra jakúsì, gàrí là ń mu láàárọ̀, ẹ̀bà là ń jẹ lálẹ́. Mo fẹ́ kí ẹ mọ ìyẹn ná kí n tó tẹ̀síwájú. Owó epo bẹntiróòlù ti lọ sókè kọjá ohun tí à ń rí, ìrẹsì ti padà di oúnjẹ Kérésìmesì bó ṣe rí nígbà tí mo wà lọ́mọdé, àwọn olùkọ́ yunifásítì ẹlẹgbẹ́ ọkọ mi sì ń fẹsẹ̀ rìn lọ síbi iṣẹ́ ní Àkúrẹ́, wọ́n ń pè é ní eré ìdárayá. Inú ọdún yẹn gan-an ni mo lóyún, lẹ́yìn tí a ti gbà pé ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fún wa ti tó.

Ẹni tí kò bá mọ jakúsì, kó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu. Báàfù ńlá ni, ó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀dì. Iná mọ̀nàmọ́ná ló ń mú omi inú rẹ̀ gbóná, ihò wẹ́wẹ́ sì wà lára rẹ̀ káàkiri tí omi ń gbà tú jáde pẹ̀lú agbára, tí yóò máa gún èèyàn lẹ́yìn àti níbàdí. Àwọn olówó ló ń rà á. Àwa náà rà á.

Omi gbígbóná ìyá ọkọ mi ló fà á. Nígbà tí mo bí ọmọ wa àkọ́kọ́, Màmá wá láti Oǹdó láti wá wẹ èmi àti ọmọ, bí ìyá ọkọ ṣe máa ń ṣe. Ẹ̀yin tí ẹ ti bímọ rí, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó, táwẹ̀lì tó nípọn, ọwọ́ ìyá àgbà tí kò mọ ojú àánú. Á rì táwẹ̀lì bọ omi, á fún un, á gbé e lé mi níkùn, á wá fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Mo máa ń ké títí. Ìyá kan wà lẹ́yìn ògiri wa, tó jẹ́ pé kò sóhun tó ń ṣẹlẹ̀ nílé wa tí kì í dá sí. Bó bá ti gbọ́ igbe mi, á ké sí mi láti ọgbà tiẹ̀ pé, "Ẹ rọ́jú o, ìyá ìkókó!" Ọkọ mi á dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn, á máa mí kanlẹ̀. Ó búra nígbà náà pé bí a bá tún bí òmíràn, ẹnikẹ́ni ò ní bó ìyàwó òun láwọ mọ́.

Ọkọ mi kì í ra nǹkan bí àwa yòókù ṣe ń rà á. Ìwádìí ló máa ń ṣe. Ó jókòó ti fóònù, ó ń wo jakúsì àwọn ará òkè òkun bí ẹni ń wo ẹni tí yóò fẹ́. Ó mọ èyí tí wọ́n fi pákó ṣe, ó mọ èyí tó ń kọrin, ó mọ èyí tí wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn sí kó tó dìde dúró. Ó ní èyí tí wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn sí ò ṣeé gbọ́kàn lé, pé abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo lè sọ ọ́ di rádaràda. Mo bi í léèrè ibi tí omi yóò ti wá, nítorí kànga wa máa ń gbẹ. Ó ní ọ̀rọ̀ ò tíì kan ibẹ̀ yẹn.

Ó mú mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan láàárín ìlú, níbi tí wọ́n ti ń ta ilẹ̀kùn àti àwo ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ọkùnrin tó ń tajà níbẹ̀ de táì mọ́rùn nínú ooru, ó ń làágùn bí ẹni tí òjò pa. Jakúsì méjì ló wà nílẹ̀, búlúù kan, funfun kan, omi ò sí nínú ìkankan, nítorí omi ò sí ní ṣọ́ọ̀bù náà pàápàá. Ó ní ká bọ́ bàtà, ká wọ inú búlúù lọ, ká dán an wò. Báyìí ni èmi àti ọkọ mi ṣe jókòó sínú jakúsì gbígbẹ, pẹ̀lú aṣọ lọ́rùn, a kọjú síra wa, ikùn mi wà láàárín.

"Ẹ dijú, sà. Ẹ̀yin náà, mà, ẹ dijú."

Ọkọ mi dijú. Èmi ò di tèmi. Ọkùnrin náà tẹ̀ ba lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹnu ṣe bí omi ṣe ń hó: "Hoo-hoo-hoo, gbọ̀-gbọ̀-gbọ̀-gbọ̀." Itọ́ rẹ̀ tiẹ̀ ta sí mi lápá. Ọkọ mi, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ ní yunifásítì, sinmi ẹ̀yìn, ó ní, "Áà." Mo fi ojú ara mi rí i.

"Ṣé ó máa ń tẹ ara lóòótọ́?" ọkọ mi béèrè, ojú rẹ̀ ò tíì là.

"Ọwọ́ ló ní, sà! Bí mádàámù bá ti bímọ tán, ẹ ò ní nílò ẹnikẹ́ni n'ulé mọ́."

Èmi bi í pé iná ńkọ́. Ó wò mí bí ẹni pé mo bú u. Ó ní, "Mà, ṣé ẹ ò ní jẹnẹrétọ̀ ni?"

Nígbà tó yá, mi ò lè dìde. Ìjókòó inú nǹkan náà jìn, oyún sì ti wúwo. Ọkọ mi fà mí lápá ọ̀tún, oníṣọ́ọ̀bù fà mí lápá òsì, obìnrin kan tó wá ra ẹ̀rọ omi sì ń tì mí lẹ́yìn, ó ń pe Jésù. Ibi tí mo ti ń tún ìró mi so ni ọkọ mi ti sọ pé òun ti mú èyí búlúù.

Mo ní owó dà. Ó ní mọ́tò tí kò rí epo mu, kí ló ń jókòó sílẹ̀ fún? Ó tà á.

Ọjọ́ tí wọ́n gbé jakúsì dé, kò gba ẹnu ọ̀nà balùwẹ̀ wọlé. Wọ́n yí ìdí rẹ̀ sókè, wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan lélẹ̀, wọ́n fọ́ bíríkì díẹ̀ lára ògiri, ó ṣì kọ̀. Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n gbé e sí nígbẹ̀yìn, lábẹ́ páànù tí à ń sá aṣọ sí. Ìyá ẹ̀yìn ògiri gun orí àpótí, ó yọjú.

"Háà! Ẹ ti fi Áńgílíkà sílẹ̀? Ìjọ wo lẹ fẹ́ dá sílẹ̀?"

Odò ìrìbọmi ló rò pé ó jẹ́. Kí ó tó di ọjọ́ Ìsinmi, ọ̀rọ̀ ti dé ṣọ́ọ̀ṣì. Lẹ́yìn ìsìn, àlùfáà fa ọkọ mi sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ bi í bóyá omi díẹ̀ tí wọ́n wọ́n sí i lórí nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́ ló ń kọ ọ́ lóminú.

Gbogbo ìyẹn, ẹ̀rín ni. Ohun tí kì í ṣe ẹ̀rín ni pé ọkọ mi pe Màmá ní Oǹdó láti fún un ní ìròyìn ayọ̀. Mo wà níbẹ̀, mò ń gbọ́ ohùn Màmá nínú fóònù. Ó bi í pé, ṣé ẹ̀rọ náà ń mú omi gbóná fúnra rẹ̀? Ọkọ mi ní bẹ́ẹ̀ ni. Ṣé ó ń tẹ ara ìyá ọmọ? Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá, ọwọ́ ló ní! Màmá ní òun ti gbọ́. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ó dáa, ọma mi. Ẹ kú orí ire o." Ó sì pa fóònù. Ọkọ mi ní inú Màmá dùn gan-an.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, tó ń gbé lọ́dọ̀ Màmá, ló wá pè mí fúnra rẹ̀. Ó ní láti ọjọ́ tí Màmá ti gbọ́ pé mo lóyún ló ti di ẹrù rẹ̀ sínú àpò kan: ọṣẹ dúdú, òrí, àdín àgbọn, kànìnkànìn tuntun, táwẹ̀lì méjì. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló gbé àpò náà sí. Ní alẹ́ ọjọ́ tí ọkọ mi pè é, ó fa àpò náà jáde, ó tú u, ó kó gbogbo rẹ̀ padà sáyè wọn. Ó ní wọ́n ti ra ẹ̀rọ dípò òun. Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá gbé oúnjẹ fún un, á ní òun ti yó.

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Ìyá ọkọ ò kàn lè dìde kó wá jókòó sílé ọmọ rẹ̀ ọkùnrin. Ilé ìyàwó ni. Àlejò ló máa ń jẹ́ níbẹ̀, àfi ìgbà tí ọmọ tuntun bá dé. Ìgbà yẹn nìkan ló máa ń wọlé láìkan ilẹ̀kùn, tí á gba kọ́kọ́rọ́ ilé ìdáná, tí á pàṣẹ, tí gbogbo wa á sì máa ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Omi gbígbóná yẹn ni ọ̀nà kan ṣoṣo tó ní sínú ilé wa. Ọkọ mi ti fi mọ́tò wa di ọ̀nà náà pa, ó sì rò pé ẹ̀bùn lòun ṣe.

Mo sọ fún un. Ó ní ká jẹ́ kí ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ ná, pé Màmá á rí i, á sì yọ̀.

Inú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni mo jókòó lọ bímọ, ihò gbogbo tó wà lójú títì ló sì kí mi kú ọ̀nà. Mo bí ọkùnrin. Nígbà tí a padà délé, ọkọ mi ti ra omi ọlọ́kọ̀, ó ti rọ jakúsì kún, ó dúró tì í pẹ̀lú ìwé tó bá a wá lọ́wọ́. A retí iná títí. Iná dé, ó ṣẹ́jú, ó lọ. Ọkọ mi tan jẹnẹrétọ̀ wa, èyí tí a fi ń gbé fáànù àti gílóòbù. Ó gbìyànjú. Ó wúkọ́, ó tún wúkọ́, ó tu èéfín dúdú kan jáde, ó sì dákẹ́ pátápátá. Omi inú jakúsì tutù bí omi inú àmù. Mo ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, mo bú sẹ́kún.

"Ká ní sùúrù díẹ̀," ọkọ mi wí, "ó jọ pé wọ́n máa mú iná wá nírọ̀lẹ́."

Fóònù ni mo gbé.

"Màmá, gbogbo ara ló ń ro mí."

"Ẹ̀rọ ńkọ́?"

"Ẹ̀rọ ò gbóná, mà."

"Ẹ pe ẹni tó tà á fún yín."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ọmọ yín wà nílẹ̀ níbí, kò tíì sẹ́ni tó wẹ̀ ẹ́."

Mo rò pé ó ti pa fóònù, àfi bí mo ṣe gbọ́ ọ tó kígbe sí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi pé, "Gbé àpò mi wá! Ká bà mi wá ọkọ̀ Àkúrẹ́!"

Kí oòrùn tó wọ̀, ó ti dé. Kò kan ilẹ̀kùn. Ó gba ọmọ, ó gba kọ́kọ́rọ́ ilé ìdáná, ó dáná igi sẹ́yìnkùlé. Ó yí jakúsì po lẹ́ẹ̀kan, ó fi ìka kàn án gbò-gbò, ó ní, "Rọ́bà ni." Láti ọjọ́ náà ló ti ń fi omi inú rẹ̀ ṣan ìlédìí ọmọ. Ọkọ mi rí i, ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Èmi ní tèmi, mo ké bí mo ṣe máa ń ké, ìyá ẹ̀yìn ògiri sì ní, "Ẹ rọ́jú o, ìyá ìkókó!" Ara mi yá.

Nígbà tó pẹ́ díẹ̀ ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàkíyèsí rẹ̀. Bó bá ti wẹ̀ wá tán, á fọwọ́ ti ògiri, á fi ọwọ́ kejì mú ìbàdí, á dúró bẹ́ẹ̀ kó tó lè rìn. Bí ó bá rí mi, á ju ọwọ́ sílẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ orin. Gbogbo ọmọ tí àwọn ọmọ rẹ̀ bí ló wẹ̀, àti ti àwọn ará àdúgbò ní Oǹdó, lórí ìdúró, lórí ìtẹ̀ba. Mi ò mọ ẹni tó ń wẹ òun.

Ọ̀la ni yóò padà sí Oǹdó nígbà tí mo káná omi fúnra mi. Mo ti fọ jakúsì mọ́ tónítóní, mo da omi híhó sí i, mo fi tútù là á, mo ní, "Màmá, ó kàn yín."

"Èmi? Ta ló bímọ?"

"Ẹ̀yin lẹ bí ọkọ mi. Ẹ wọ inú rẹ̀, mà, kí omi má tutù."

Ó jà, ó rojọ́, ó ní ojú ń ti òun. Nígbẹ̀yìn ó wọ inú rẹ̀ pẹ̀lú ìró tó ró mọ́ àyà. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó ni iná dé. Ọkọ mi ò yọ wáyà jakúsì lára ògiri láti ọjọ́ àkọ́kọ́; ìrètí rẹ̀ ló so kọ́ síbẹ̀. Nǹkan náà bú ramúramù, iná pupa àti àwọ̀ ewé bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú nínú omi, Màmá pariwo, "Jésù Olúwa!" Ọkọ mi já jáde látinú ilé, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè.

"Ó ń ṣiṣẹ́! Mo sọ fún yín! Màmá, báwo ló ṣe rí lára yín?"

Màmá ti dijú. Ó rọra gbọ́ ohun tí omi ń ṣe lẹ́yìn rẹ̀, bí ẹni ń tọ́ ọbẹ̀ wò.

"Ọwọ́ rẹ̀ le," ó wí. "Ṣùgbọ́n kò mọ ibi tó ń dùn mí."

Ọkọ mi ní bọ́tìnnì wà fún un. Ó sáré lọ wá ìwé. Mo ká apá aṣọ mi sókè, mo kúnlẹ̀, mo ti ọwọ́ bọ omi.

"Ibo ló ń dùn yín, Màmá?"

Ó wò mí. Lẹ́yìn náà ó mú ọwọ́ mi, ó gbé e lé ìbàdí rẹ̀ lápá òsì, níbi tí egungun ti yọ sóde. Mo tẹ̀ ẹ́ bó ṣe máa ń tẹ̀ mí, pẹ̀lú gbogbo ara. Màmá ké tòò, igbe náà ré kọjá ògiri.

"Ẹ rọ́jú o, ìyá ìkókó!" ohùn kan dáhùn láti ọ̀hún.

Màmá gbé orí sókè nínú omi.

"Kì í ṣe òun o!" ó kígbe padà. "Èmi ni! Èmi ni wọ́n ń wẹ̀!"