Ọkùnrin Tó Tẹrí Ba Lẹ́nu Ọ̀nà

Wọn kì í kọ́ ọmọ Bariga ní ìfura nílé ẹ̀kọ́, inú omi tí wọ́n ń mu ló wà. Ṣùgbọ́n Hikmat Rájí tún lọ kọ́ ọ ní yunifásítì, ó sì sanwó lé e lórí. Fìlọ́sọ́fì ló ń kà, ó wà ní ọdún kẹta lọ́dún 1999 tí àwọn ológun gbé ìjọba fún alágbádá, tí àwọn àgbà àdúgbò ṣì ń wò ó bóyá wọ́n lọ lóòótọ́ ni, àbí wọ́n kàn fẹ́ pààrọ̀ aṣọ.

Bí èèyàn bá bi Hikmat ní ohun tó ń kọ́, á ní àwọn òyìnbó àtijọ́ kan ló ń bá ara wọn jà lórí ibi tí ìmọ̀ ti ń wá. Àwọn kan ní inú làákàyè ni. Kí èèyàn jókòó, kí ó ṣiyèméjì sí ohun gbogbo, títí dórí ọwọ́ ara rẹ̀, títí yóò fi kan ohun tí kò ṣeé jà níyàn. Àwọn kejì ní irọ́ ni, ojú, etí àti ọwọ́ ló ń kó ìmọ̀ wọlé. Ẹnì kan sì wà láàárín àwọn kejì yìí tó ní ọ̀pọ̀ ohun tí a ń pè ní ìmọ̀, ó kàn ti mọ́ wa lára ni. Ti ọkùnrin yìí ni Hikmat kò gbà. Ó kọ ọ́ sínú ìdánwò pé ohun tó mọ́ni lára kì í ṣe ẹ̀rí. Dókítà Fọláhàn, olùkọ́ wọn, fún un ní máàkì mọ́kànlá nínú ogún, ó sì kọ "O yára jù" sábẹ́ rẹ̀. Ó dun Hikmat wọra.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni àlejò dé. Ilé wọn kò jìnnà sí títì Pedro, wọ́n sì ti fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ gàdàgbà sára fẹ́ǹsì rẹ̀ pé ilé yìí kì í ṣe títà, kí aráyé ṣọ́ra fún gbájúẹ̀. Ọkùnrin náà kà á, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó tẹrí ba lẹ́nu ọ̀nà, ó wọlé. Hikmat rí i láti pálọ̀. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé ìtẹríba yìí ti pọ̀ jù fún ẹni tí kò tíì rí ẹni tó máa kí.

Ọkùnrin náà ní òun ni Àbdùlsàmàd, àkọ́bí ilé náà, tó lọ sí Gàbọ́ǹ lọ́dún 1975, tí wọn kò rí lẹ́tà rẹ̀ mọ́ láti ọdún 1981. Iná gáàsì ti jó ojú rẹ̀ lápá kan, èdè Faransé sì ti dà pọ̀ mọ́ Yorùbá lẹ́nu rẹ̀. Bó bá jẹ́ òun lóòótọ́, ẹ̀gbọ́n ló jẹ́ fún bàbá Hikmat tó ti kú, òun sì ni Tàwàkálítù, ìyá àgbà Hikmat, ti ń retí láti ọdún mẹ́rìnlélógún.

Ojú Ìyá Àgbà ti fọ́. Ó na ọwọ́, ó fi pa orí ọkùnrin náà, ó fi pa etí rẹ̀. "Sàmádì mi ni," ó ní. "O kú àbọ̀."

Bàbá Mákánjúọlá, olórí ẹbí, kò gbà. Ẹ̀pẹ́ ló ń gbé ní gbogbo ìgbà tí Àbdùlsàmàd fi wà ní kékeré, kò mọ̀ ọ́n dójú àmì. Ó pe ẹbí sí kọ̀rọ̀. "Ìyá tó ti retí ọmọ títí, bí wọ́n bá gbé ewúrẹ́ síwájú ẹ̀, á ní ọmọ òun ni. Ilé yìí ni ọkùnrin yẹn ń wá. Kẹ́nikẹ́ni má kí i kú àbọ̀ o. Ẹni tó bá kí i kú àbọ̀ ti gbà pé ibí ló ti kúrò." Ó wá kọjú sí Hikmat. "Ìwọ lo ń ka fìlọ́sọ́fì. Oyá, tẹ́ẹ̀sì ẹ̀ fún wa. Bó bá féèlì, ó máa lọ."

Orí Hikmat wú. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni ọkùnrin náà fi sùn sórí ẹní ní pálọ̀, tí wọ́n ń kí i ní "ẹ káàárọ̀" àti "ẹ kúrọ̀lẹ́" nìkan, tí Hikmat sì ń ṣọ́ ọ bí ẹni tó sá ẹja sóòrùn tí ológbò ń kọjá. Bó bá dákẹ́, ó ń ro ète. Bó bá sọ̀rọ̀, ó ń wá ojú rere.

Lọ́jọ́ Sátidé, ó gbé ìbéèrè méjìlá kalẹ̀.

"Ọ̀gbẹ́ni, kí ni ìnagijẹ bàbá àgbà wa?"

"Bàbá Láńtà ni wọ́n ń pè wọ́n."

"Ta ló kọ́ yín ní kéwú?"

"N ò rántí orúkọ wọn mọ́. Ẹgba wọn ni mo rántí."

Báyìí ni wọ́n ṣe é títí. Ó gba méje, ó ṣi márùn-ún. Èyí tó gbà, Hikmat ní àwọn kan ló kọ́ ọ. Èyí tó ṣì, ó ní irọ́ ló tú. Bí wọ́n bá ta ayò báyìí, ta ni yóò jẹ ẹ́ láyé?

Ọkùnrin náà yíjú sí i. "Ọmọ mi, kí ni kí n wá ṣe tẹ́ ẹ máa fi gbà mí gbọ́?"

Kò sí ohun tó lè ṣe tí Hikmat máa fi gbà, ó sì yẹ kí ìyẹn ba Hikmat lẹ́rù. Kò bà á lẹ́rù. Ó jíṣẹ́ fún Bàbá Mákánjúọlá pé ẹ̀rí kò tó.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọkùnrin náà gbé báàgì rẹ̀. Ìyá Àgbà ń sunkún ní yàrá, wọn kò jẹ́ kó jáde. Hikmat tẹ̀ lé ọkùnrin náà kí ó lè rí i dájú pé ó lọ. Nígbà tí ọkùnrin náà dé ẹnu ọ̀nà, ó tẹrí ba, ó jáde.

Ta ló ń tẹrí ba fún? Kò sí ẹnikẹ́ni níta àfi ewúrẹ́ méjì. Omijé sì ti bo ojú rẹ̀. Ẹni tó ń sunkún báyẹn kì í rántí ṣe àṣehàn. Hikmat wo ẹnu ọ̀nà náà. Lára ògiri lọ́tùn-ún lósì, níbi tí iwájú orí ọkùnrin náà ìbá kàn, àpá sìmẹ́ńtì wà tí àwọ̀ rẹ̀ kò bá ti ògiri mu. Ibẹ̀ ni àtẹ́rígbà àtijọ́ wà. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni Hikmat nígbà tí bàbá rẹ̀ gba bíríkìlà láti gbé e ga. Ó rántí eruku ọjọ́ náà, ó rántí bàbá rẹ̀ tó ń fọwọ́ ra iwájú orí, tó ń rẹ́rìn-ín pé kò sí ọmọkùnrin ilé yìí tí igi yẹn kò tíì nà. Ọdún mẹ́rìndínlógún sẹ́yìn nìyẹn. Gbogbo ilé ti gbàgbé, òun alára kò rántí fi í sínú ìbéèrè méjìlá rẹ̀. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ, ta ló lè kọ́ ọ? Ó ti mọ́ ọkùnrin náà lára ni.

Ìtìjú mú un débi pé kò rántí wọ bàtà. Ó sáré títí dé Onípanu kó tó bá a níbi tí wọ́n ti ń dúró de mọ́tò.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ló dé tẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà?"

Ọkùnrin náà wò ó bí ẹni tí ọ̀rọ̀ kò yé. "Mo bẹ̀rẹ̀ ni?" Ó rò ó wò. Ọwọ́ rẹ̀ lọ sí iwájú orí. "Ilẹ̀kùn ilé wa kúrú, ọmọ mi. Ìwọ náà sì ga. Máa ṣọ́ orí ẹ."

Hikmat kúnlẹ̀ sínú iyanrìn lẹ́bàá gọ́tà, níwájú gbogbo èrò. Ó gba báàgì lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ kú àbọ̀, Bàbá," ó ní.