Fèrè Tó Ń Dún Nínú Agbégilódò

Ní ọdún 1980, mo ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ní iṣẹ́ irin ní Ọ̀wọ̀. Inú ìwé ni èmi fúnra mi ti kọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Nítorí náà, bí a bá ti gba ìsinmi, mo máa ń lọ ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ Àlàájì Sùnmọ́nù, àgbà wẹ́dà kan ní àárín ìlú.

"Tíṣà," ni yóò wí, "ṣọ́ọ̀kì kọ́ lo mú dání yẹn o. Rọ́ọ̀dù tí a fi ń jó irin ni."

Ní ọjọ́ kan tí Àlàájì lọ sí Ifọ̀n, dírẹ́bà kan tó ń jẹ́ Músílíù gbé agbégilódò rẹ̀ dé. Ọ̀nà Ìdóàní ló ti ń kó gẹdú. Fláǹjì tó wà lẹ́nu tọ́bò ọkọ̀ náà ti sán. Tọ́bò ló ń fi abẹ̀bẹ̀ kékeré kan ti afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì tipátipá. Fláǹjì ni irin pẹlẹbẹ oníhò tí a jó mọ́ ẹnu páìpù, kí a lè fi bóòtù dè é mọ́ irin mìíràn. Àwọn kan ń pe gbogbo rẹ̀ ní páìpù. Kò rí bẹ́ẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣe é dáadáa," ni Músílíù wí. "Ọ̀gá mi ní bí tọ́bò bá tún bàjẹ́, kí n gbé kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀."

Mo gé fláǹjì tuntun, mo sì jó o yípo láì sinmi. Ó dán lójú mi. Àmọ́ nígbà tí mo dè é, mo rí àlàfo tẹ́ẹ́rẹ́ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo fi gọ́ọ̀mù dí i, mo fún bóòtù le, mo sì ní kí ó máa lọ.

Ní ọjọ́ kẹta, Músílíù ń kọjá níwájú wa, ó yọ orí síta. "Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o! Ẹ gbọ́ bó ṣe ń fun fèrè! Gbogbo dírẹ́bà ló ń béèrè ẹni tó ṣe é!"

Inú mi dùn. Àlàájì, tó ti ti Ifọ̀n dé, kò rẹ́rìn-ín. Ó fi èdè Ọ̀wọ̀ kùn lábẹ́ ẹnu, ó wá yí i sí èyí tí èmi àjèjì gbọ́. "Ta ló jó fláǹjì yẹn?"

"Èmi ni, Àlàájì."

"Sáré dá a dúró."

Ó ní kí Músílíù má pa ẹ́ńjìnnì. Ó tiná bọ àkísà kan títí ó fi ń rú èéfín, ó sì gbé e sún mọ́ fláǹjì mi. Èéfín náà kò gòkè. Ó tẹ̀, ó sì gba ẹ̀gbẹ́ gọ́ọ̀mù wọlé.

"Ẹ rí i? Àlàfo yẹn ló ń fun fèrè. Eruku ọ̀nà Ìdóàní ń gba ibẹ̀ wọlé láì kọjá nínú asẹ́ afẹ́fẹ́. Yóò jẹ abẹ̀bẹ̀ náà tán."

Músílíù wò mí. "Àbí gọ́ọ̀mù yẹn ni kò dára, Tíṣà?"

"Rárá," ni mo wí. "Mo rí àlàfo náà kí o tó lọ. N óò tún un ṣe lónìí."

A tú u. Eruku pupa ti bo abẹ̀bẹ̀ náà, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ kò tíì jẹ. Ooru iná tí mo jó láì sinmi ló mú kí ẹnu fláǹjì mi wọ́. Àlàájì ní kí n gé òmíràn, kí n kọ́kọ́ kán iná sí i lókè, kí n kán an nísàlẹ̀, kí n kán an lọ́tùn-ún àti lósì, kí n máa jẹ́ kí ó tutù kí n tó jó àárín wọn pọ̀. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà, mo yọ ṣọ́ọ̀kì lápò, mo fi pa ojú dígí kan tó tẹ́jú, mo sì da fláǹjì dé e. Ibi tí funfun bá mọ́ ló ga. Ibẹ̀ ni mo ń fi fáìlì ha. Mo ń ha, mo ń dà á dé, títí gbogbo ẹnu rẹ̀ fi funfun yípo.

"Háà," ni Àlàájì wí, "ṣọ́ọ̀kì náà níṣẹ́."

Gáásíkẹ́ẹ̀tì, páálí fẹ́lẹ́ tí a ń fi sáàárín irin méjì, ni mo fi sí i, láìsí gọ́ọ̀mù. Lọ́tẹ̀ yìí, èéfín àkísà gòkè tààrà. Músílíù tẹ́ etí, ó tẹ iná, ó tún tẹ̀ ẹ́.

"Tíṣà, ẹ ti gba fèrè mi!"

"Mo gbà á. Kọ́kọ́rọ́ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ."

Ní gbogbo ìgbà tí mo fi wà ní Ọ̀wọ̀, òun ló ń wa ọkọ̀ náà. Bí ó bá ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ kíláàsì mi, yóò dẹ ìrìn díẹ̀, yóò sì fi ẹnu ara rẹ̀ súfèé.