Àyè Ẹnìkan Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìyàwó

Kámẹ́rà méjì ló wà lórí tábìlì Luqman tó ń ta kámẹ́rà ní Ring Road lọ́jọ́ Ọjọ́rú yẹn, Sàláwù sì ti jókòó níwájú wọn fún ohun tó lé ní wákàtí kan láì mú èyíkéyìí. Kì í ṣe pé kò mọ kámẹ́rà. Láti ọdún 1973 ló ti ń ya fọ́tò ní Agbowó, débi pé àwọn kan tó yà nígbà tí wọ́n jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń mú ọmọ tiwọn wá bá a. Ṣùgbọ́n àwọn méjì yìí ò gba fíìmù, bẹ́ẹ̀ ni kò sí yàrá dúdú tí wọ́n ti ń fọ fíìmù tàbí omi oògùn nínú ọ̀rọ̀ wọn rárá. Ọdún 1999 ni. Gbádérọ̀, ọkọ ìyàwó tó fẹ́ yà lọ́jọ́ Sátidé, ti ní òun ò fẹ́ fíìmù, pé àwọn ẹ̀gbọ́n òun ní Lọ́ńdọ̀nù gbọ́dọ̀ rí fọ́tò náà nínú kọ̀mpútà kí ọjọ́ Àìkú tó parí.

Luqman gbé kámẹ́rà kékeré sókè. "Bàbá, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ ni wọ́n ṣe èyí fún. Ohun tẹ́ ẹ bá yà, ẹ ò ní rí i títí ẹ ó fi gbé e wá síbí. Tẹ́ ẹ bá sì tẹ̀ ẹ́ jáde kó tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ojú ìyàwó á dà bíi pé búlọ́ọ̀kù ni wọ́n fi mọ ọ́n." Ó gbé ìkejì. "Èyí kì í ṣe ti àwọn ọ̀gá pátápátá, àárín ló wà. Ṣùgbọ́n ẹ wo gíláàsì tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá ṣe yà á lẹ ó ṣe rí i. Lẹ́ńsì rẹ̀ sì máa ń fa ohun tó jìnnà wá sí tòsí."

"Ṣé ẹni tó bá dúró tì mí náà á rí i?"

"Á rí i kẹ̀. Àfi tẹ́ ẹ bá ní ohun tẹ́ ẹ fẹ́ fi pamọ́, Bàbá." Luqman rẹ́rìn-ín.

Sàláwù ò bá a rẹ́rìn-ín. Ó ní ohun tó fẹ́ fi pamọ́ lóòótọ́.

Nimotallahi lorúkọ ìyàwó, ṣùgbọ́n Táyé ni wọ́n ń pè é nílé wọn ní Ẹlẹ́yẹlé. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni òun àti Kẹ́hìndé nígbà tí Kẹ́hìndé lọ. Nínú ilé yẹn, ẹnikẹ́ni kì í sọ pé ó kú. Wọ́n á ní ó rìnrìn àjò. Lọ́dún yẹn ni Àbẹ̀ḿbí ìyá wọn mú Táyé wá sí Agbowó, tó ní kí Sàláwù ya àwọn méjèèjì. Sàláwù ò bi í ní ìbéèrè kankan, nítorí iṣẹ́ tí gbogbo onífọ́tò ayé ìgbà náà mọ̀ ni. Wọ́n á gbé ọmọ tó ṣẹ́kù jókòó sí apá kan bẹ́ńṣì, wọ́n á yà á. Wọ́n á tún gbé e sí apá kejì, wọ́n á yà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Nínú yàrá dúdú ni wọ́n á ti pa méjèèjì pọ̀, tí ìbejì á fi jókòó pọ̀ nínú fọ́tò kan ṣoṣo. Ọdọọdún ni Àbẹ̀ḿbí ń mú un wá. Ọdún kejìdínlógún rèé tó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ yẹn, Nimotallahi ti dá wá bá a.

"Bàbá, ẹ má yà mí lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ Sátidé."

"Màmá rẹ ti bá mi sọ̀rọ̀. Wọ́n ní Kẹ́hìndé ò gbọdọ̀ rò pé ìgbéyàwó yìí ò kan òun."

"Mo mọ̀. Ọdọọdún ni mò ń jókòó fún un. Láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà, mi ò ní fọ́tò kan tó jẹ́ tèmi nìkan. Ẹyọ kan ni mò ń bẹ̀ yín fún, kí n tó wọlé ọkọ."

Ìdí nìyẹn tí ojú Sàláwù fi ń lọ sára kékeré. Tó bá lo èyí tí kò ní gíláàsì lẹ́yìn, á yà á lẹ́ẹ̀kan péré, á sì sọ fún Àbẹ̀ḿbí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ pé ìkejì bàjẹ́. Ta ló máa já a nírọ́? Ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí ojú ọmọ náà dà bíi búlọ́ọ̀kù nínú fọ́tò kan ṣoṣo tó bèèrè fún. Luqman jẹ́ kó gbé méjèèjì lọ dán wò.

Lọ́jọ́bọ̀, Nimotallahi wá jókòó fún un. Kámẹ́rà àárín ló kọ́kọ́ lò. Ó tẹ̀ ẹ́, ó yí gíláàsì sójú, ó sì rí i pé ìpẹ̀kun bẹ́ńṣì lápá òsì ni ọmọ náà jókòó sí. Apá ọ̀tún ṣófo.

"Ta ló ní kó o jókòó síbẹ̀?"

"Ẹ̀yin ni, Bàbá. Ẹ fi ọwọ́ júwe rẹ̀ fún mi."

Kò rántí pé ọwọ́ òun gbéra. Ó ní kó bọ́ sí àárín. Ó tún yà á. Àárín bẹ́ńṣì ló wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n Sàláwù fúnra rẹ̀ ti darí lẹ́ńsì sápá ọ̀tún, àyè ẹnìkan sì tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú gíláàsì. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ló yà á, ẹ̀ẹ̀mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló rí bákan náà. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ọwọ́ tó ti ṣe nǹkan kan fún ọdún méjìdínlógún ò lè jáwọ́ lójijì. Àlàyé gidi nìyẹn.

Nimotallahi wo gíláàsì náà. "Tó bá jẹ́ kékeré lẹ lò, ilé ọkọ ni ǹ bá ti rí èyí."

Bí Sàláwù ṣe mú èyí àárín nìyẹn. Ìyá ìyàwó lè rí i tó bá fẹ́, ó ṣáà sàn kí òun Sàláwù rí ohun tí òun ń yà.

Lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n so yìgì tán ní nǹkan bí aago mọ́kànlá. Oòrùn mú ganrínganrín nínú àgbàlá ní Ẹlẹ́yẹlé. Sàláwù ń ṣọ́ ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni ń ṣọ́ olè. Ó to àwọn ọ̀rẹ́ ìyàwó, ó fi ìyàwó sáàárín, ó tẹ kámẹ́rà, ó wo gíláàsì. Àyè kan wà lápá ọ̀tún ìyàwó, tó fẹ̀ tó ènìyàn kan.

Ó pe ẹbí ọkọ. Láti Ìsẹ́yìn ni wọ́n ti wá láàárọ̀ yẹn, kò sì sí ẹni tó tíì bá wọn sọ̀rọ̀ ìbejì.

"Ẹ súnmọ́ra, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ súnmọ́ra dáadáa."

Wọ́n fún ara wọn pọ̀ títí ọkùnrin kan fi ní, "Onífọ́tò, ṣé inú agolo lò ń kó wa sí ni?" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Sàláwù tẹ̀ ẹ́. Àyè náà wà níbẹ̀.

Ó lọ bá obìnrin tó dúró níbi tí àyè náà parí sí. "Màmá, kí ló dé tẹ́ ò súnmọ́ ìyàwó?"

"Mo fẹ́ súnmọ́ ọn. Ẹni tó wà láàárín wa ló ń fi èjìká tì mí." Obìnrin náà wẹ̀yìn, ó sì wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Oòrùn mú, èrò pọ̀, àárẹ̀ ìrìn àjò sì wà lára wọn. Sàláwù ka gbogbo rẹ̀ fún ara rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ló pe ìyàwó sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó gbé e jókòó sórí bẹ́ńṣì lóun nìkan, ó sì fa lẹ́ńsì wá sí tòsí títí tí ojú àti gèlè fi gba gbogbo gíláàsì. Àyè ìka kan ò ṣẹ́kù. Ó tẹ̀ ẹ́.

Fọ́tò náà dára. Ó ṣì ń wò ó nígbà tí ọwọ́ kan gba kámẹ́rà lọ́wọ́ rẹ̀. Àbẹ̀ḿbí ni. Ó wò ó títí.

"Kẹ́hìndé rèé," ó sọ ọ́ wẹ́rẹ́. "Táyé dà?"

"Ìyá Ìbejì, Nimota ni. Ẹ wò ó dáadáa."

"Bọ̀dá Sàláwù, èmi ni mo bí wọn."

Nimotallahi dìde, ó wá wo fọ́tò náà. Sàláwù yọjú láti ẹ̀yìn rẹ̀. Tó bá ti ń ya ẹlẹ́ẹ̀kejì lọ́dọọdún, ó máa ń sọ fún ọmọ náà pé kó ṣe bíi Kẹ́hìndé: kó gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀, kó pa ètè dé. Àgbọ̀n inú gíláàsì ga díẹ̀. Ètè rẹ̀ padé. Sàláwù gbìyànjú láti rántí bóyá òun ló ní kó ṣe bẹ́ẹ̀ lónìí, kò rántí.

Ìyàwó gba kámẹ́rà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Ó dá a padà fún Sàláwù.

"Tiẹ̀ nìyẹn, Màmá. Kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde kó tóbi, ẹ gbé e kọ́ sí pálọ̀." Ó padà lọ jókòó sí àárín bẹ́ńṣì gan-an. "Bàbá, ẹ wá ya tèmi."

"Ìwọ nìkan?" ni ìyá rẹ̀ bèèrè.

"Èmi nìkan, Màmá."

Àbẹ̀ḿbí dúró wò ó. Ó tún gèlè ọmọ rẹ̀ ṣe, ó fi ìka nu òógùn iwájú orí rẹ̀, ó wá sún sẹ́yìn. Sàláwù tẹ̀ ẹ́. Àárín ni ọmọ náà wà nínú gíláàsì, ó ń rẹ́rìn-ín, eyín rẹ̀ hàn síta, bẹ́ńṣì sì ṣẹ́kù dọ́gba lápá méjèèjì.

Sàláwù gbójú sókè láti fi han ìyá ìyàwó. Àbẹ̀ḿbí ti yí padà, ó ń lọ sínú ilé. Kò yára. Ó na ọwọ́ òsì sílẹ̀, bí ìgbà tí ìyá bá ń mú ọmọ kékeré lọ́wọ́ sọdá títì, nígbà tó sì dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró díẹ̀, bí ẹni ń jẹ́ kí ẹnìkan kọ́kọ́ kọjá, kó tó wọlé.